Bàbá Kunda àti Iná Ilé Àna Rẹ̀

Bí ẹ bá dé Luanshya, ìlú ìwakùsà wa, tí ẹ ní Kasuba lẹ ń wá, wọ́n á ní Kasuba wo? Ẹ béèrè Bàbá Kunda oníná, ọmọdé á mú yín délé. Ọdún méjìlélógún ló fi ṣiṣẹ́ iná nínú kòtò ìwakùsà, nísàlẹ̀ ilẹ̀ níbi tí òkùnkùn ti jẹ́ òkùnkùn gidi, kí wọ́n tó dá òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dúró. Láti ìgbà náà, iná inú ilé ló ń tún ṣe. Àwọn tó dá ìwakùsà sílẹ̀ ló kọ́ gbogbo ilé àdúgbò wa, kí wọ́n tó bí èmi gan-an, wáyà inú ògiri sì ti dàgbà ju ọ̀pọ̀ nínú wa lọ. Nítorí náà, Ọlọ́run kò jẹ́ kí ebi pa Bàbá Kunda.

Ènìyàn gíga ni, tí kì í kánjú. Bó bá wọ ilé oníbàárà, kò ní fọwọ́ kan nǹkankan. Á ní kí wọ́n gbé àpótí fún òun, á jókòó síwájú bọ́ọ̀dù iná, á yọ ṣọ́ọ̀kì lápò, á kọ ọjọ́ àti wákàtí sára ògiri. Lẹ́yìn náà, á béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo: "Kí ló yí padà nínú ilé yìí kí wàhálà tó bẹ̀rẹ̀?" Ó ní nínú kòtò, ẹni tó bá fọwọ́ kan wáyà kó tó béèrè ọ̀rọ̀, gbígbé ni wọ́n máa ń gbé e jáde. Nílé tèmi, ìdáhùn ìbéèrè náà ni pé mo ti ń gba iná áyọ́ọ̀nù láti orí gílóòbù. Ó wò mí, ó kọ ọ́ sára ògiri. Ó ṣì wà níbẹ̀ dòní, mo ti kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, ó tún yọjú.

Ilé kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó fẹ́ dójú tì í, ilé ìyá ìyàwó rẹ̀ sì ni.

Ìyá Chilekwa là ń pe ìyá náà, ògiri kan ló là wá láàárín. Opó ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni, orúnkún rẹ̀ kò gbọ́ràn mọ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ṣì mú dáadáa. Nígbà tí ilé iṣẹ́ ìwakùsà ń ta ilé fún òṣìṣẹ́ ni ọkọ rẹ̀ ra ilé náà, inú rẹ̀ ló sì kú sí. Ní oṣù karùn-ún ọdún tí mò ń sọ yìí ni iná ilé náà bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Kì í ṣe bí iná gbogbo àdúgbò ṣe ń lọ o. Ìyẹn ti mọ́ wa lára, a mọ wákàtí rẹ̀, a sì mọ ìgbà tí à ń se ẹ̀wà. Èyí, iná á wà nílé tèmi, á wà lódìkejì títì, tirẹ̀ nìkan á kú pàá, gbogbo yàrá lẹ́ẹ̀kan náà. Bí wọ́n bá ti gbé súìṣì inú bọ́ọ̀dù sókè, iná dé nìyẹn, kò sì ní ṣe nǹkankan mọ́ títí di ọ̀la, tàbí ọ̀túnla, tàbí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Chilekwa, àkọ́bí rẹ̀, ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Lusaka, olú-ìlú wa. Ọmọ dáadáa ni, kí n má purọ́ mọ́ ọn. Ẹ̀rù ló ń bà á pé ilé á gbiná mọ́ ìyá òun lórí. Ó rán oníná kan wá láti Lusaka, onítọ̀hún rìn yíká lẹ́ẹ̀kan, ó ní àfi kí wọ́n fọ́ gbogbo ògiri kí wọ́n sì pààrọ̀ gbogbo wáyà, ó bá tirẹ̀ lọ. Chilekwa pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, ó ní, "Màmá, ilé ti gbó. Tí iná bá ṣì ń ṣe báyìí ní ìparí oṣù kẹjọ, màá ta ilé, ẹ ó sì máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi."

"Ní Lusaka," Ìyá Chilekwa sọ fún mi láti òdìkejì ògiri, "àjà kẹta ni wọ́n ń gbé. Ṣé kí n máa kí ẹyẹ ni?"

Ó ṣe é ní àwàdà, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n. Ọkọ rẹ̀ sùn sí itẹ́ òkú wa níbí. Ẹgbẹ́ ìyá ìjọ wa ló fẹ́ kó gbé òun sin, kì í ṣe àwọn àjèjì. Láàárín oṣù kẹfà ni mo rí i tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé ìròyìn wé àwọn ìkòkò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ wá di ti Bàbá Kunda. Ìyàwó rẹ̀ kò fi bò fún un. "Tí màmá mi bá lọ Lusaka nítorí wáyà," Ìyá Kunda ní, "tí mo sì gbé ọkọ oníná sílé, ojú wo ni mo fẹ́ fi wọ ṣọ́ọ̀ṣì?"

Ṣùgbọ́n ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ àna ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Ọkùnrin kì í wo ojú ìyá ìyàwó rẹ̀, wọn kì í jọ jókòó. Bí wọ́n bá pàdé lọ́nà, ọ̀kan á yà sínú koríko. Bẹ́ẹ̀ ló máa rí títí di ọjọ́ tí àwọn ẹbí ìyàwó bá se oríṣiríṣi oúnjẹ, tí wọ́n sì pè é pé kó máa bọ̀ nínú ilé, ó ti dọmọ. Ti Bàbá Kunda ti tó ṣe láti ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn. Chilekwa ni wọ́n ń dúró dè, nítorí àkọ́bí gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, Chilekwa kì í sì í ráyè. Nítorí náà, bí Bàbá Kunda bá ń bọ̀ wá wo iná, ìyá á kọ́kọ́ jáde lọ sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìnkùlé, á fi ìborùn bojú, kí ọkọ ọmọ rẹ̀ tó wọ pálọ̀ tàbí ilé ìdáná. Ti yàrá ìyá, ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ rẹ̀.

Sátidé àkọ́kọ́, èmi náà wà lábẹ́ máńgòrò, à ń pa ẹ̀pà. Bàbá Kunda jókòó síwájú bọ́ọ̀dù pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì rẹ̀.

"Ìyá Kunda, bá mi bi màmá pé kí ló yí padà nínú ilé."

Ìyá Kunda wá sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn. "Màmá, ó ní kí ló yí padà."

"Sọ fún un pé orúnkún mi ni."

"Ó ní orúnkún òun ni."

"Mo gbọ́. Nínú ilé ni mo ní."

"Ó ní nínú ilé ni, Màmá."

Ìyá Chilekwa mú ẹ̀pà kan, ó wò ó, ó gbé e sílẹ̀. "Sọ fún un pé kò sí."

Bàbá Kunda kọ ọ́ sára ògiri: kò sí. Ó ní kí wọ́n máa fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọjọ́ àti wákàtí gbogbo ìgbà tí iná bá kú. Sátidé kejì, ó ka àkọsílẹ̀ náà. Ọ̀pọ̀ jẹ́ ọ̀sán Sátidé àti Sọ́ńdè, díẹ̀ jẹ́ Mọ́ńdè. Ó ń pa súìṣì kan lẹ́yìn ìkejì, ó ń fi èyí sílẹ̀ fún ọjọ́ kan, ó ń fi ìyẹn sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì, títí ó fi dá a mọ̀ pé ọ̀nà iná tó lọ sí ẹ̀yìn ilé ni àrùn wà. Ọ̀nà yẹn, ilé ìdáná àti yàrá ìyá ló ń gbé iná fún.

"Ilé ìdáná ni," ó ní. "Ṣé ẹ rí i pé òpin ọ̀sẹ̀ ni? Òpin ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń se oúnjẹ púpọ̀."

Ó pààrọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé ìdáná. Iná kú. Ó gbé fíríìjì lọ sílé ara rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Iná kú, ẹran sì bàjẹ́. Ó sọ kẹ́tùlù oníná nù. Ó gun orí àjà, ó rákò tẹ̀lé wáyà láti ilé ìdáná títí dé ibi tí ògiri yàrá ìyá ti bẹ̀rẹ̀, ó sì fẹ̀yìn rákò padà. Mo bi í pé kí ló dé tí kò tẹ̀ síwájú.

"Ìyá Mwape," ó ní, eruku kún irun rẹ̀, "ṣé kí n máa rìn lórí àna mi ni?"

"Kò kúkú sí lábẹ́ ibẹ̀. Abẹ́ máńgòrò ló wà."

"Bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wà lábẹ́ ibẹ̀."

Ọkùnrin tó ní ká má fọwọ́ kan nǹkan ká tó mọ̀ wá ń fọwọ́ kan gbogbo nǹkan, nítorí ìdajì ọ̀nà iná náà, ojú rẹ̀ kò lè wò ó. Ìyá Kunda ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Iná kòtò ń gbọ́ tìẹ. Ti màmá mi ló ń rán ọ lọ rán ọ bọ̀." Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò jẹun tán lọ́jọ́ náà. Oṣù kẹjọ ti dé ìdajì.

Sọ́ńdè tó tẹ̀lé e, bí a ṣe ń bọ̀ láti ìsìn, Ìyá Chilekwa dúró lójú ọ̀nà bí ẹni pé òkúta wọ bàtà rẹ̀.

"Ìyá Mwape, ṣé Ọlọ́run a máa kọ àdúrà?"

"A máa dákẹ́," mo ní. "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Iná yẹn. Tí mo bá ṣe Àmín ni ó ń kú."

Mo wò ó bóyá àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà.

"Gbogbo ìgbà?"

"Rárá. Tí mo bá gbàdúrà fún ẹ, kì í kú."

"Ẹ ṣé o."

"Tí mo bá gbàdúrà fún àlùfáà, fún oúnjẹ, fún ọkọ mi tó sùn, kò ní ṣe nǹkankan. Àmọ́ bí mo bá ti gbàdúrà fún Chilekwa, pé kí Ọlọ́run yí i lọ́kàn padà lórí ilé yìí, bí mo bá ti wí Àmín báyìí, pàá." Ó na ìka méjì, ó pa wọ́n pọ̀. "Láti oṣù kẹfà ni. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo rò pé Ọlọ́run ti fọwọ́ sí Lusaka."

Mo wá mọ ìdí tó fi ń wé ìkòkò. Èmi náà ti gbàdúrà fún ọmọ mi kan fún ọdún mọ́kànlá. Iná kò kú, òmíràn kò sì tàn. Mo mọ oríṣiríṣi ọ̀nà tí Ọlọ́run ń gbà dá ènìyàn lóhùn àti èyí tí kì í gbà, mi ò sì tíì gbọ́ ibi tó ti lo súìṣì rí. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ gbà á, kí n fojú ara mi rí i."

A tan rédíò sílẹ̀ ní pálọ̀. A wọ yàrá rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ ní ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó fi ìgbọ̀nwọ́ lé e. Mo ní kó kọ́kọ́ gbàdúrà fún mi. Kò gùn (mi ò ní fi ìyẹn bínú). Ó wí Àmín, ó dìde. Rédíò ń kọrin lọ.

"Ó yá, ti Chilekwa."

Ọlọ́run dárí jì mí, mo la ojú sílẹ̀. Àdúrà ọ̀hún, láti orí ọjọ́ tó bí i ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó gba ilé ìwé kọjá, ó dé ìgbéyàwó, ó yà sórí àwọn ọ̀rẹ́ burúkú, kó tó dé ọ̀rọ̀ ilé. Ẹsẹ̀ mi kú lórí àpótí. Ó wí Àmín. Ó fẹ́ dìde, orúnkún ti gan pa. Ó fi ọwọ́ méjèèjì ti bẹ́ẹ̀dì kó lè rí agbára dìde. Ilẹ̀ yàrá náà, Ìyá Kunda ló máa ń fi pólíìṣì pupa dán an ní gbogbo Sátidé, ènìyàn lè fi wo ojú. Bẹ́ẹ̀dì yọ̀ bíi pé ó wà lórí epo, pátákó orí rẹ̀ gbá ògiri, gbàgà! Rédíò dákẹ́ láàárín orin.

"Ṣé ẹ rí i?" ó ní, omi ti ń dé ojú rẹ̀.

"Mo rí i. Bẹ́ẹ̀dì yìí, ìgbà wo lẹ rà á?"

"Chilekwa ló fi ránṣẹ́ nígbà Àjíǹde. Igi gidi ni."

"Ẹ sì ní kò sí nǹkan tó yí padà nínú ilé!"

"Ìyá Mwape!" Ẹnu yà á sí mi. "Ṣé kí n máa sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀dì mi fún ọkọ ọmọ mi ni?"

A ránṣẹ́ pe Bàbá Kunda. Ìyá lọ sábẹ́ máńgòrò. Bàbá Kunda pa iná láti bọ́ọ̀dù, ó wá dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà yàrá, ó kọjú sí ilé ìdáná bí ẹni tí wọ́n ní kó máa ṣọ́ ìkòkò. Èmi àti Ìyá Kunda fa bẹ́ẹ̀dì sẹ́yìn.

"Ìyá Mwape, kí lẹ rí?"

"Ògiri."

"Kí ló wà lára ògiri?"

"Eruku."

"Ẹ jọ̀ọ́, lẹ́yìn eruku ńkọ́?"

"Sọ́kẹ́ẹ̀tì kan, oníhò roboto mẹ́ta, ti ayé àtijọ́. Ojú rẹ̀ ti là sí méjì, ó ti wọnú. Ṣé kí n—"

"Ẹ má fọwọ́ kàn án!" Mi ò gbọ́ kó pariwo rí. Ó tún ohùn rẹ̀ ṣe. "Mo ti pa iná o. Àmọ́ ẹ má fọwọ́ kàn án."

Ó wá ń ṣàlàyé fún ilé ìdáná, pé rọ́bà tí wọ́n fi bo wáyà ayé ìgbà yẹn máa ń gbẹ, ó máa ń ya bí èèpo. Bí bẹ́ẹ̀dì bá ti gbá sọ́kẹ́ẹ̀tì, wáyà lásán á kan àpótí irin inú ògiri, súìṣì tó ń ṣọ́ ilé á sì já. Bí nǹkan bá ti padà sáyè rẹ̀, ó parí, ẹni tó ń wá a kò ní rí nǹkankan. Àdúrà kúkúrú kì í mú orúnkún gan, ìdí nìyẹn tí kì í fi í pa iná.

"Èmi ni mo ń fa bẹ́ẹ̀dì yẹn padà ní gbogbo Sátidé tí mo bá ń fi pólíìṣì nu ilẹ̀," Ìyá Kunda ní. "Ó máa ń lọ kan ògiri."

"O ò sọ fún mi."

"O ò bi mí. Màmá lo ní kí n bi."

Mo ní ṣebí kí á kàn fi bẹ́ẹ̀dì síbòmíràn. Bàbá Kunda mi orí. "Ènìyàn kì í fi iná sórí òrùlé sùn. A gbọ́dọ̀ yọ ọ́." Ó ní òun mọ ọkùnrin kan tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní kòtò, òun á bẹ̀ ẹ́ kó wá wọlé ṣe é. Bó ṣe sọ ọ́, ó dà bí ẹni tó ń gbé ẹrù ara rẹ̀ lé ẹlòmíràn lórí.

Ohùn kan wá láti ẹ̀yìnkùlé. Ìyá Chilekwa ló ń bá igi sọ̀rọ̀.

"Igi máńgòrò, bá mi sọ fún ọkọ ọmọ mi pé ẹlòmíràn kò ní wọ yàrá mi. Ọmọ mi ló fẹ́. Òun ló máa wọ̀ ọ́. Sátidé ìparí oṣù tí Chilekwa fẹ́ wá fi tà mí yẹn, a máa se oúnjẹ."

Chilekwa dé ní Sátidé náà pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù òfìfo. Èéfín kún ẹ̀yìnkùlé, ẹgbẹ́ ìyá ìjọ pé síbẹ̀, adìẹ mẹ́fà ti wọ ìkòkò.

"Màmá, kí lẹ ń ṣe? Mo ní kí ẹ ti di ẹrù yín sílẹ̀."

"À ń mú ọkọ àbúrò rẹ wọlé. Ọdún mẹ́rìnlá la ti ń dúró dè ọ́. Jókòó."

"Ọ̀rọ̀ iná là ń sọ, Màmá."

"Ọ̀rọ̀ iná náà ni. Jókòó, ẹ̀gbọ́n ìyàwó kì í dúró lóòró."

Ó jókòó. Wọ́n gbé oúnjẹ kalẹ̀: nshima tí a fi ìyẹ̀fun àgbàdo rò, adìẹ, ẹja wẹ́wẹ́, ẹ̀wà, olú, ẹ̀fọ́ alẹ́pà, àti kòkòrò inú igbó tí wọ́n fi iyọ̀ yan. Ìyá Chilekwa ṣí ìkòkò lọ́kọ̀ọ̀kan fún Bàbá Kunda kó lè mọ̀ pé kò sí èyí tó jẹ́ èèwọ̀ fún un mọ́. Lẹ́yìn náà, ó ká ìborùn kúrò lójú.

"Kasuba, ọmọ mi, jẹun."

Bàbá Kunda kò lè gbé orí sókè. Ó jẹun, ó sì jẹ ẹ́ tán. Ó fọ ọwọ́, ó mú tẹ́sítà tó fi ń dán iná wò, ó lọ pa iná, ó wọ yàrá náà. A gbọ́ tó ń fa bẹ́ẹ̀dì. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó fi jáde. Ó fi sọ́kẹ́ẹ̀tì náà lé Chilekwa lọ́wọ́, òun àti rọ́bà wáyà tó ti fọ́ bí èèpo ẹ̀pà. Ó ní òun ti dí orí wáyà, òun sì ti fi pátákó dé ihò náà.

"Ọ̀gbẹ́ni Lusaka ní kí wọ́n fọ́ gbogbo ògiri," Chilekwa ní.

"Ìyókù wáyà ti gbó lóòótọ́," Bàbá Kunda dá a lóhùn. "Màá máa pààrọ̀ rẹ̀ ní yàrá kan lẹ́yìn ìkejì. Mo lè wọ gbogbo yàrá báyìí." Ó gbé iná wá, ó tan rédíò, ó ti bẹ́ẹ̀dì padà sáyè rẹ̀ gan-an. "Màmá, ẹ gbàdúrà."

"Èyí tó gùn?"

"Èyí tó gùn jù."

Wọ́n ṣílẹ̀kùn sílẹ̀. Gbogbo wa dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Chilekwa ló wà níwájú. Ó gbọ́ ọjọ́ ìbí rẹ̀, ó gbọ́ àwọn ọ̀rẹ́ burúkú, ẹnìkan rẹ́rìn-ín. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé: "Olúwa, ọmọ mi ń bẹ̀rù nítorí mi, mo dúpẹ́. Àmọ́ jẹ́ kí n kú síbi tí mo ti gbé. Àmín." Ìyá fi ọwọ́ méjèèjì ti bẹ́ẹ̀dì. Gbàgà! Rédíò ń kọrin lọ.

"Lẹ́ẹ̀kan sí i," Bàbá Kunda ní. Nínú kòtò, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń dán nǹkan wò.

Lẹ́ẹ̀kẹta, Ìyá Chilekwa ní, "Olúwa, o ti gbọ́. Àmín," ó sì gbá ògiri ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Rédíò kò tilẹ̀ wúkọ́.

Chilekwa yí sọ́kẹ́ẹ̀tì náà lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá bi àbúrò rẹ̀ pé níbo ni wọ́n kó àwọn ìkòkò Màmá sí. Ìyá Kunda rò pé inú ọkọ̀ ló fẹ́ kó wọn sí, ojú rẹ̀ le. Chilekwa jókòó sílẹ̀ ní ilé ìdáná, pẹ̀lú aṣọ ọ́fíìsì lọ́rùn, ó ń tú ìwé ìròyìn kúrò lára wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbé wọn padà sórí pẹpẹ. Bàbá Kunda wá àpótí rẹ̀, ó jókòó síwájú bọ́ọ̀dù, ó fi ọwọ́ nu "kò sí" tó kọ níjọ́sí, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ̀rọ̀ kan síbẹ̀: bẹ́ẹ̀dì.